Ẹni Tí Kì Í Kí Èèyàn Lójú Títì

Màmá nọ́ọ̀sì tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀ ní Enugu kì í kí èèyàn lójú títì. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni wọ́n, àmọ́ wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i. Mo kọ́kọ́ rò pé ìgbéraga ni.

Ilé ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la wà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀, ọ̀dọ̀ Màmá ló ń wá. Tó bá gbà bẹ́ẹ̀, a máa ń gba aṣọ ọrùn rẹ̀ pamọ́ fún ẹ̀rí, Màmá á sì fún un ní gáùn tiwọn kó lè rí nǹkan wọ̀ lọ sílé. Gáùn méjì péré ló kù tí Màmá fúnra wọn ń wọ̀. Tí ọmọ náà bá ti lọ, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á ní, "Ó ti rẹ̀ mí o. Òmíràn ṣì ń bọ̀ lọ́la."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, à ń dúró de kẹ̀kẹ́ ní àdúgbò Thinkers Corner. Mo rí ọmọbìnrin kan láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gáùn Màmá, èyí aláwọ̀ ewé, ló wọ̀. Inú mi dùn, mo na ọwọ́ sókè. Màmá fa ọwọ́ mi wálẹ̀ kíá, wọ́n yíjú sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn wa.

"Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Tá a bá kí i, wọ́n á bi í níbi tó ti mọ̀ wá. Kí ló fẹ́ sọ?"

Ọmọ náà kọjá. Òun náà ò kí wa. Màmá ò bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín, mà."

"Ó dáa. Dá kẹ̀kẹ́ dúró, ẹsẹ̀ ń dùn mí."