Ológbò Ọkọ Mi àti Gíláàsì Dúdú

Nígbà tí ọkọ mi pè mí láti Kùtọnu pé òun ò ní padà wá sílé mọ́, aṣọ oníbàárà ni mo ń rán lọ́wọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì rán apá aṣọ náà tán.

Ó fi ológbò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Wàrà inú agolo ló máa ń fún un, èmi náà sì ń fún un lọ, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu gbuuru káàkiri ilé. Bàbá kan tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa ti ṣe dókítà ẹran rí. Mo gbé e lọ bá wọn. Wọ́n tẹ ikùn rẹ̀ wò.

"Wàrà ló ń da inú rẹ̀ láàmú. Má fún un mọ́. Adìẹ bíbọ̀ àti ìrẹsì rírọ̀ ni kó máa jẹ, díẹ̀díẹ̀. Má fi iyọ̀ sí i, má fi ata, má fi àlùbọ́sà."

"Ẹ ṣé, bàbá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gun alùpùpù lọ sí Sakin, lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi tó ń sin adìẹ. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó kúrò. Gíláàsì dúdú ló wà níwájú kásìkì, akoto tí mo dé sórí. Nítorí oòrùn ni mo ṣe rà á. N kò rí àwọn màlúù tó ń sọdá títí darandaran fi kígbe. Mo tẹ bíréèkì. Ìwo màlúù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí láyà.

"Màdáámù, ṣé ẹ ò ríran ni?"

Mo ní n ò ríran. Àyà mi ò tilẹ̀ já. Mo ṣí gíláàsì náà sókè, mo rọra ń lọ. Eruku àti kòkòrò ń kó sí mi lójú, omi sì ń dà níbẹ̀ títí mo fi délé.

N kò lágbára àtise oúnjẹ méjì, ni mo bá ń bá ológbò jẹ tirẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ dá. Mo fi gíláàsì tó mọ́ gaara pààrọ̀ ti kásìkì.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ mi wá kí mi láti Boni. Mo bu oúnjẹ fún wọn. Wọ́n jẹ ẹnu kan, wọ́n wò mí.

"Iyọ̀ dà?"

"Ẹ má bínú, màmá. N ò mọ̀ pé kò sí."

Wọn ò jẹ mọ́, wọn ò sì bá mi wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi alùpùpù gbé wọn lọ sílé. Lójú ọ̀nà, wọ́n bi mí bóyá ọmọ wọn tún pè. Mo ní rárá. Wọ́n kàn di ìbàdí mi mú ṣinṣin, a sì ń lọ.