Irin Wíwọ́ Ìyá Aránṣọ

Kó, kó, kó. Ìró òòlù bàbá rẹ̀ ni ohun tí Aláago kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Bàbá a máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin, a fi òòlù kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì dẹtí. Ẹsẹ̀ tó bá ti là, ohùn rẹ̀ a yàtọ̀. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Aláago wà nígbà náà, kò tíì lè rìn dáadáa, ṣùgbọ́n etí yẹn kò fi í sílẹ̀ mọ́. Òun ló sọ ọ́ di ẹni tí ń tún aago ṣe. Òun náà ló fi ń mọ ibi tí irin ti wọ́ nínú yàrá tí ẹgbẹ́ wọn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ kéékèèké ṣeré, ti ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú irin tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ti ń sáré yí tábìlì gbọọrọ kan ká.

Òfin kan ni wọ́n ní níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí arúgbó, wọn a fún un ní irin ojú ọ̀nà ọkọ̀ tó gùn tó ìka, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án mọ́ tábìlì, kó lè ní ibi tí yóò máa pè ní tèmi. Odidi ọdún mọ́kànlá ni Aláago fi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fún àlejò ní irin àti ìṣó. Bí gbogbo wọn bá sì ti lọ tán, òun a tú irin àlejò, a tún un kàn kó tọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, àlejò ṣíṣe nìyẹn: ta ló ń gbé àlejò jókòó sórí àga tó ń mì?

Àfi ìgbà tí Ìyá Aránṣọ dé. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Irin tó kàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́ bí ejò, ìyá náà sì ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tí gbogbo ilé fi ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, Aláago gbálẹ̀, ó wo irin náà, kò fọwọ́ kàn án.

Oṣù kan kò pé tí àwọn tó ń wọlé fi ń béèrè pé, “Màmá dà?”

“Ẹ wọlé,” ni ìyá náà máa ń wí. “Èmi náà ò mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká jọ bà á jẹ́.”

Owú jẹ Aláago bí akokoro tí ń jẹ eyín. Nígbà tí Tíṣà, olórí ẹgbẹ́, wá sọ pé, “Bàbá Aláago, bí Màmá bá ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́, kẹ́ ẹ lè sinmi?” Aláago kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ká kọ́kọ́ wo bí irin wọn ṣe máa gbé ọkọ̀ ná,” ló fi dáhùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n so gbogbo irin àwọn àlejò pọ̀. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló tẹ bọ́tìnnì tí ọkọ̀ kan fi gbéra. Etí Aláago ti gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Kó. Ọkọ̀ náà dojú dé.

Ọmọ náà fẹ́ sunkún.

“Má wulẹ̀ sunkún, irin tèmi ni,” ni Ìyá Aránṣọ wí. “Ẹ̀wù ìyàwó tí mo ti tú, tí mo tún rán láàárọ̀ ìgbéyàwó, ó pọ̀ ju irun orí mi lọ. Mú ìṣó wá.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn méjèèjì kàn án kó tó gbé ọkọ̀. Ni kálukú bá ń wá tirẹ̀ kiri láti yẹ̀ ẹ́ wò. Oníbúrẹ́dì, ọ̀kan nínú wọn tó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ọdún kan kí Màmá tó rọ̀ ọ́ padà, bẹ̀rẹ̀ wo irin rẹ̀ lórí tábìlì.

“Kì í ṣe ọwọ́ mi nìyí. Ìṣó tèmi tẹ̀ sápá òsì,” ó ní. “Mo rí i nígbà náà pé wọ́n ti tú u. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ iṣẹ́ mi ni. Ohun tí mi ò fi wá mọ́ nìyẹn.”

Aláago ń wo bàtà rẹ̀. Ìyá Aránṣọ ló sún mọ́ ọn, tó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ti gbogbo wọn lẹ tún ṣe, ẹ wá fi tèmi sílẹ̀ fún mi. Ẹ ṣeun.”

Kò mọ̀ bóyá ìyá náà ń dúpẹ́ ni tàbí ó ń gún un lábẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ ọpẹ́ ni, ó tún burú jù, torí owú ni kò jẹ́ kó tún tirẹ̀ ṣe.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Aláago fi ìka ti ọkọ̀ kan kọjá lórí irin ìyá náà. Kó. Díẹ̀ ló kù kó tọ́. Ẹ̀mú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó dá a padà sápò.

Ó gbálẹ̀, ó ṣa ìṣó tó bọ́ sílẹ̀. Ó nu àwọn àga lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n. Ó ku ọ̀kan, èyí tí ìyá náà jókòó lé. Ó ká aṣọ tó fi nù wọ́n kọ́ bí ẹni tó ti parí iṣẹ́, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó nù ún, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, síbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń jókòó láti ọdún mọ́kànlá, ó fọ aṣọ náà, ó sì sá a.