Ìgbà Tí Mo Se Ẹ̀wà Tútù fún Bàbá Mi

Mo rántí omi iyọ̀ tó ń hó lórí iná igi, àti bí àwọ̀ ewé ẹ̀wà náà ṣe máa ń tàn nígbà tí mo bá dà á sínú rẹ̀. Ẹ̀wà tútù ni, èyí tí a ń jẹ tòun ti èèpo rẹ̀ kí ó tó gbó, tí àwọn tó ń se oúnjẹ ìnáwó máa ń gé sínú ìrẹsì díndín, tí wọ́n ń pè ní gíríìn bíìnsì. Jọ́ọ̀sì ni mo ti mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ṣe agùnbánirọ̀. Obìnrin tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kọ́ mi bí a ṣe ń gbìn ín, ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń sè é. Nígbà tí mo fi máa padà sí Ìkẹ́rẹ́, irúgbìn pọ̀ nínú àpò mi ju aṣọ lọ. Mo ti pinnu pé n kò ní wá iṣẹ́ ìjọba kiri. Oko ẹ̀wà tútù ni n ó dá.

Ilẹ̀ nìkan ni n kò ní. Àgbẹ̀ kòkó àti iṣu ni bàbá mi, ó sì ní àkùrọ̀ kan létí odò tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òun ni mo tọrọ. Bàbá kò bínú, ẹ̀rín ló rín. Ó ní iṣu àti kòkó ló rán mi lọ sí yunifásítì, kì í ṣe ẹ̀wà tí kò gbó, pé ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀wà ní tútù, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ ló ń jẹ. Àwọn àgbà ní ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Èmi tí mo ti dé oko ẹlòmíràn wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé baba tèmi kò ní oko rárá. Mo ṣe àlàyé títí, bàbá sùn lọ lórí àga.

Mo gbin díẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tó so, mo ní ọ̀fun bàbá ni n ó bá sọ̀rọ̀. Mo gbé e kaná, mo lọ pọn omi tútù. Ìyá mi, tó ti ń se ẹ̀wà láti kékeré, yẹ ìkòkò wò, ó rí i pé ó ṣì le, ó kó igi síná, ó sì dé e. Kí n tó dé, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, àwọ̀ rẹ̀ sì ti di ti ewé gbígbẹ. Bàbá tọ́ ọ wò, ó rọra ti àwo sẹ́yìn, ó bèèrè bóyá iyán ṣì kù.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, mo tún un ṣe, ìyá sì jókòó tì mí láti wò ó. Mo ṣẹ́ orí àti ìdí rẹ̀, mo fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò. Mo jẹ́ kí omi iyọ̀ hó dáadáa kí n tó dà á sí i, n kò sì dé ìkòkò. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ tàn, mo fún ìyá ní ẹyọ kan. Ó ró páká lábẹ́ eyín rẹ̀. Kíá ni mo kó gbogbo rẹ̀ sínú omi àmù, kí ooru inú rẹ̀ má bàa máa sè é lọ, mo sì dà á sínú asẹ́ kí omi ro kúrò. Mo wá yí i nínú epo pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata rodo àti ẹja gbígbẹ, mo bù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu sísè. Ọkàn mi balẹ̀ bí ẹni tó ti gba ilẹ̀.

Bàbá jẹ ẹ́ tán, ó tún ní kí n bù sí i. Lẹ́yìn náà ló nu ẹnu.

"Ó dùn. Ṣùgbọ́n mo ti fi àkùrọ̀ yẹn fún ẹ̀gbọ́n rẹ. N kò lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀."

Òótọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo. Ìyá mi, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nínú ilé wa, ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá ọmọ mi, ibi tí mo ń gbin ẹ̀fọ́ sí nísàlẹ̀ odò, kí ó lọ gbin ẹ̀wà rẹ̀ síbẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ máa ṣe é."

Bàbá ní ọwọ́ ara rẹ̀ ni ìyá fi ṣán ibẹ̀, òun kò lẹ́nu sí i.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí, àwọn tó ń se oúnjẹ ìnáwó ń wá rà á láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Adó, ẹ̀gbọ́n mi náà sì ti yá mi lára àkùrọ̀. Orúnkún ìyá kò jẹ́ kí ó lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò mọ́, àmọ́ òun ló ń ṣa ẹ̀wà tí a bá ká wálé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè ìdí tó fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun náà ti tọrọ ilẹ̀ rí lọ́wọ́ bàbá òun, nígbà tí òun kò tíì relé ọkọ, kò sì sí ẹni tó bá òun dá sí i. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò, ó sì ní kí n sún apẹ̀rẹ̀ kejì mọ́ òun.