Ọmọ Tí Bọ́ọ̀lù Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Tísà Fèrè ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní eré ìdárayá. Fèrè tó máa ń gbé kọ́rùn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ó sì ti pẹ́ tí òun náà ti ń jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ yòókù ń pè ní eré ọmọdé, obìnrin yìí kò fi ṣeré. Ó gbà pé ọmọ tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń fò, tí kò lè hán bọ́ọ̀lù, kálámù á nira fún un láti dì mú.

Ọmọ bíríkìlà kan wà ní kíláàsì kejì, ọmọbìnrin ni. Ẹlẹ́sẹ̀ Ehoro ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí bó bá ti ki eré mọ́lẹ̀, eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Ní táàmù kìíní, ó ń dúró lẹ́sẹ̀ kan títí wọ́n á fi ka ogún. Nígbà tí wọ́n wọ táàmù kejì, wọn kò tíì ka ẹẹ́ta tó fi ṣubú. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí i, bọ́ọ̀lù á ti kọjá kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tísà náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, inú bí i.

"O fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Lọ kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn!"

"Mà, ilẹ̀ ló ń yí."

Ọmọ náà ń lọ kúnlẹ̀, ó ya ẹsẹ̀ méjèèjì gbàgà bí ẹni tó ń rìn nínú ọkọ̀ ojú omi. Àyà Tísà já. Ó sáré fà á dìde.

Ó tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ. Ọ̀gá ní ọ̀lẹ lásán ni, pé ìkọ̀wé rẹ̀ pàápàá ti di wúruwùru, àwọn ti nà án títí. Ni Tísà bá gba ibi tí bàbá ọmọ ti ń kọ́lé lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ síbi tí wọn á ti yẹ orí rẹ̀ wò."

"Orí ọmọ mi ti dàrú, àbí?" Bàbá náà kò gbójú kúrò lára búlọ́ọ̀kù tó ń tò. "Tísà, ẹ máa bá ti fèrè yín lọ."

Ó yẹ kí Tísà padà lọ bá a. Ojú tì í, kò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí èébì àràárọ̀ tó gbé ọmọ náà dé ọsibítù. Kókó kan ti hù sínú ọpọlọ rẹ̀. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó kú. Ọmọ ọdún méje.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i," ni Tísà ń sọ fún ọkọ rẹ̀, "èmi náà ni mo fi í rẹ́rìn-ín."

"Ìwọ kọ́ lo fi àrùn sí i lára." Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí.

Ní táàmù tó tẹ̀lé e, bíríkìlà yọ sí pápá, ó fa àbúrò olóògbé lọ́wọ́, ọmọ ọdún márùn-ún.

"Tísà, ẹ bá mi wò ó."

Tísà ní kí ọmọ náà fi ẹsẹ̀ kan fò dé ìdí igi, kó sì padà. Ọmọ fò lọ, ó fò bọ̀, kò kọsẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe é, Bàbá."

Bàbá náà kò kúrò lójú kan. "Ẹ tún un wò, mà."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ náà fò lọ fò bọ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín, kí bàbá rẹ̀ tó gbà kí wọ́n máa lọ. Kò sí èyí tó lè wo ojú ẹnì kejì nínú àwọn àgbà méjèèjì.