Ọkọ Mi Aránṣọ àti Kọ̀ǹpútà Tí Kò Mọ Máòsì Rẹ̀ Mọ́

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí mo ń pe òun náà ní ọkọ mi, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn ni mo ti ń pè é ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, nítorí pé n kò tíì rí ẹni tí aṣọ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu bíi tirẹ̀. Bí aṣọ bá ya débi tí gbogbo ayé ní kí wọ́n sọ ọ́ nù, yóò ran án títí tí ẹni tó ni ín yóò fi máa wá ojú ibi tó ya tì.

Nígbà tí ojú rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ ọnà ọwọ́ mọ́, ọkọ mi, tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, ra ẹ̀rọ tó ń fi òwú kọ ọnà sára aṣọ, ó sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kan. Òun á ya báàjì sójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á na aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Wọn a bú ara wọn láàárọ̀, wọn a sin ara wọn sílé nírọ̀lẹ́. Ikú wá mú ọkọ mi lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sunkún, ó nu ojú, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di máòsì mú, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó tì í, nítorí ilé ti tóbi jù fún èmi nìkan.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí iléèwé wọlé, ọ̀gá iléèwé kan kó aṣọ ọmọléèwé wá pé ká fi báàjì sí àyà wọn. Ọjọ́ tó fẹ́ wá kó wọn gan-an ni kọ̀ǹpútà yarí. Ó tàn, àwòrán báàjì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ti fa máòsì tó, ọfà ojú rẹ̀ kò mira. A tẹ kíbọ́ọ̀dù, ó dákẹ́. Kọ̀ǹpútà ń wo máòsì àti kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ jókòó, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé kó gbé báàgì wá lọ́jọ́ Sátidé. Ó wá kọjú sí mi. "Ìyàwó, ó ti tó. Bí ọ̀gá iléèwé yẹn bá dé tí báàjì ò sí lára aṣọ, kó kó o lọ síbòmíràn. Màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi."

Ibi tí ọmọ rẹ̀ ń gbé jìnnà, ẹnì kan sì ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún yẹn. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe ẹni tó máa ń bá wa tún un ṣe."

A pe ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn ún, orí ibùsùn ló wà, kò lè wá. A gbé fóònù sórí tábìlì, ohùn rẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù.

"Mọ́mì, ẹ yí abẹ́ máòsì sókè. Ṣé iná kékeré wà níbẹ̀?"

"Òkùnkùn ni," Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ dáhùn.

"Kíbọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Òun náà ń ṣọ̀fọ̀."

"A jẹ́ pé iná ò dé ọ̀dọ̀ wọn ni. Ibo lẹ ki wáyà wọn bọ̀?"

Inú àpótí kékeré kan tó ní ihò mẹ́rin, tí wáyà tirẹ̀ wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ni. Ọkọ mi olóògbé ló fi òwú dì í mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà máa bẹ̀rẹ̀ lọ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà.

"Ẹ yọ àpótí yẹn kúrò," ọkùnrin náà ní. "Ẹ ki wáyà bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tààrà, ká lè mọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ mú sísọ́ọ̀sì dé ìdí òwú náà, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ọwọ́ ẹ̀ ló fi dì í."

"Ẹ gbé e fún mi." Mo gé e. "Kò ní bínú. Nígbà tó wà láyé pàápàá, ọ̀pọ̀ ohun tó dì, èmi ni mò ń tú u." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

A fa tábìlì kúrò lára ògiri, mo ki wáyà máòsì bọ ihò kan lẹ́yìn. Ọfà kò mira síbẹ̀.

"Ẹ wo orí wáyà yẹn dáadáa," ni fóònù wí. "Ṣé kò dọ̀tí?"

Mo yọ ọ́ wò. Ó ń dán. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀.

"Ọkọ mi, kí lẹ fi sí i?"

Ó ń wo ògiri. "Ó ń le tí mo bá ń kì í bọ̀ ọ́. Mo kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i, díẹ̀ ni."

"Sórí wáyà?" ọkùnrin náà bèèrè.

"Àti kíbọ́ọ̀dù. Àti inú ihò. Ohun tó bá le, òróró là ń kán sí i. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi kérora. "Mọ́mì, ẹ rọra, ẹ̀yìn mi. Ẹ ṣeun tẹ́ ò fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́."

"Ẹ̀yìn ẹ yẹn gan-an ló yẹ kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀."

Ó ṣàlàyé fún wa pé iná kì í gba inú òróró kọjá. Ó ní ká pa kọ̀ǹpútà pátápátá, ká yọ wáyà iná rẹ̀ lára ògiri, ká fi aṣọ rírọ̀ tó ní sípíríìtì díẹ̀ nu orí wáyà méjèèjì, ká jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa, ká wá kì wọ́n bọ ihò ẹ̀yìn tí òróró kò tíì kàn.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò jẹ́ kí n bá a nù ún. Ó fi aṣọ wé ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ńlá kan, ó ń nu inú irin pẹlẹbẹ yẹn bí ẹni ń nu etí ọmọ ọwọ́. Mo fẹ́ fẹnu fẹ́ ẹ kó lè tètè gbẹ, ó gbá mi lọ́wọ́. "Itọ́ ń bẹ lẹ́nu ẹ." A dúró. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀, ó kì wọ́n bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, mo sì tan kọ̀ǹpútà.

Iná pupa yọ lábẹ́ máòsì. Iná kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ lé e. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fa máòsì díẹ̀, ọfà sì bá a lọ.

"O kú iṣẹ́ o," ó sọ fún fóònù. "Lọ sùn."

Nígbà tí ọ̀gá iléèwé dé, díẹ̀ ló kù nínú aṣọ náà. Ó ní òun máa dúró. Ó jókòó, ó ń wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń sáré, títí tí aṣọ tó kẹ́yìn fi kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé báàgì òfìfo méjì wọ ṣọ́ọ̀bù. Iléèwé mìíràn ti kó aṣọ tiwọn wá nígbà yẹn.

"Mọ́mì, ẹrù yín dà?"

"Ẹrù wo?" Kò gbójú sókè. "Wá ibì kan jókòó, kó o bá ìyàwó mi gé òwú tó yọ lára àwọn yìí."