Orúkọ Ìgbín Inú Kànga

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ìwádìí máa ń fi ahọ́n tọ́ òkúta wò. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, á ní ìgbín òkun àtijọ́ tó ti di òkúta ni.

Inú kànga kan ní Ìkógà la ti rí irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí, ọ̀gá mi ló sì máa sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé. Kànga náà ti wó pa ẹni tó ń gbẹ́ ẹ. Opó rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ọkọ mi sọ ọ́."

Ọ̀gá mi ní, "Ṣé òkú lè fún mi ní ìgbéga?" Orúkọ gómìnà ológun ló fi sọ ọ́. Obìnrin náà tún padà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó yí i padà. Ọ̀gá mi ní, "A kì í yí orúkọ ìgbín padà tó bá ti wọ ìwé."

Àwọn ṣọ́jà míì gbàjọba. Wọ́n ní kí ọ̀gá mi yọ orúkọ gómìnà kúrò, kò ṣeé ṣe, wọ́n lé e níṣẹ́. Lọ́jọ́ tó ń kẹ́rù lọ, opó náà juwọ́ sí i: "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. A kì í yí i padà."