Ọjọ́ Tí Ọṣẹ Já Lọ́wọ́ Bímpé

Bí ẹ bá dé Alájò ní Àkírà ilẹ̀ Gáná, tí ẹ ní ilé Bímpé Ọlọ́ṣẹ lẹ ń wá, ọmọdé tí kò tíì mọ orúkọ bàbá rẹ̀ dáadáa yóò nawọ́ síbẹ̀ fún yín. Bí ẹ kò bá rí ọmọdé, ẹ tẹ̀lé èéfín. Alata samina ni àwọn ará Gáná ń pe ọṣẹ dúdú, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alata, àwa Yorùbá sì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bímpé a máa rẹ́rìn-ín pé nígbà tí wọ́n ti fi orúkọ àwọn bàbá òun pe ọṣẹ, ẹnu wo ni òun yóò fi sọ pé iṣẹ́ mìíràn ni òun ń ṣe?

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni obìnrin yìí. Ó dúdú, ó sígbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì mọ ibi tí wọ́n ń sá pamọ́ sí. Gáná ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀, Màmá Àkànkẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ́ ọ níṣẹ́ ọṣẹ, òun náà ló ti ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi láti ìgbà tó wà lẹ́yìn. Iṣẹ́ ọṣẹ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan ní láti máa da omi eérú kòkó sínú àdín tó ń hó, díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì máa fi ọmọrogùn rò ó láìdúró. Bí ẹni tó ń rò bá dúró pẹ́nrẹ́n, ọṣẹ já nìyẹn: àdín á léfòó sókè, omi eérú á lọ sísàlẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ ti wọ́gbó. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ìyá ti ń dà tí ọmọ ń rò, ọṣẹ kò já lọ́wọ́ Bímpé rí.

Àfi ọjọ́ kan nínú oṣù ààwẹ̀.

Ọ̀sán ni. Ní mọ́sálásí kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wọn, Aáfà Hàkímù ń túmọ̀ Àlùkùránì fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń gbé ohùn rẹ̀ kọjá ògiri. Bímpé kì í bá wọn jà sí ariwo náà. Yorùbá Ìlọrin ni Aáfà ń sọ, ó dùn-ún gbọ́, etí kan ni Bímpé sì máa ń fi sí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Aáfà ní Ọlọ́run fi amọ̀ mọ Ànábì Ádámà. Bímpé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, torí ìyẹn kò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ́ òun ní kékeré. Ìgbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ ọgbà, àti Hawáù tí àwọn onígbàgbọ́ ń pè ní Éfà, ni nǹkan yí padà.

"Ta ló ní Hawáù ló tan ọkọ rẹ̀?" Aáfà ń bèèrè, ohùn rẹ̀ ròkè. "Àwọn méjèèjì ni Ṣàítánì tàn. Àwọn méjèèjì ló ṣẹ̀, àwọn méjèèjì ló gbọ́wọ́ sókè tọrọ àforíjìn, Ọlọ́run sì dárí ji àwọn méjèèjì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí wọ́n dì lé obìnrin nìkan lórí!"

Ọmọrogùn dúró lọ́wọ́ Bímpé.

"Bímpé! Rò ó! Rò ó jàre!" Màmá Àkànkẹ́ figbe ta. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àdín ti léfòó.

Kí ló dé? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba. Ọdún mọ́kànlélógún ṣáájú ọjọ́ yẹn, Bímpé rọbí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkùnrin ni ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò sunkún. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ tán, Màmá Àkànkẹ́ jókòó ti ibùsùn, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ṣe sùúrù, ọmọ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ Éfà ni àwa obìnrin ń jìyà rẹ̀." Ìtùnú ni ìyá fi ṣe, kò ní ibi kankan nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há sí Bímpé lọ́fun bí eegun ẹja. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé obìnrin mìíràn lọ sí Kùmásí, oyún mìíràn kò sì dé. Bí wọ́n bá ti ka ìtàn Éfà ní ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó, á máa bi ara rẹ̀ léèrè pé èwo ni òun jẹ nínú èso ọ̀hún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ̀ gan-an kò sì mọ̀.

Bímpé kì í ṣe ewé tí atẹ́gùn ń gbé kiri. Ó mú Bíbélì rẹ̀, ó ka ìtàn ìṣẹ̀dá lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lọ bá Sàrátù, ìyàwó Aáfà, tí ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ kángun sí ìsọ̀ ọṣẹ tirẹ̀ ní ọjà Kótóbàbí, ó yá Àlùkùránì tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá. Ó tẹ́ ìwé méjèèjì sórí àpótí ọṣẹ. Ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá ayé nínú Bíbélì níbí, ọjọ́ mẹ́fà náà nínú Àlùkùránì lọ́hùn-ún. Erùpẹ̀ níbí, amọ̀ lọ́hùn-ún. Níbí, Ọlọ́run sinmi ní ọjọ́ keje. Lọ́hùn-ún, ó ní àárẹ̀ kankan kò kan òun.

"Sàrátù, ẹ̀yin aláṣọ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe tó," Bímpé wí. "Ẹni tó bá ti ro ọṣẹ rí ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kó má rẹni."

Síbẹ̀, inú ọgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ ń padà sí. Níbí, wọ́n yan ìyà obìnrin fún un lọ́tọ̀. Lọ́hùn-ún, wọ́n jọ ṣubú, wọ́n jọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì jọ rí ìdáríjì. Ó kà á títí omijé fi bọ́ sórí ìwé oníwèé, ló bá sáré fi etí ìró nù ún.

Ó lọ bá Aáfà pé òun fẹ́ wọ ẹ̀sìn wọn. Ẹ ó rò pé Aáfà yóò fò sókè. Rárá o.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ rọra ná," ó ní. "Ẹni tó bá bínú kúrò nílé kan, ìbínú náà ni yóò gbé wọ ilé kejì. Ṣé ẹ ti bi pásítọ̀ yín?"

"Rárá, Aáfà."

"Ẹ lọ bi í. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èsì rẹ̀. Bí ọkàn yín bá ṣì ń fà síbí lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn kò tì."

Pásítọ̀ Olúwajùwọ́nlọ kò ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Bímpé ti di àmùrè ìjà lọ bá a, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mọ́mì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún yín. Éfà kọ́ ló pa ọmọ yín. Ibì kan sì wà nínú ìtàn náà tí àwa pásítọ̀ máa ń sáré kọjá: kí Ọlọ́run tó rán àwọn méjèèjì jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe aṣọ fún wọn. Ẹni tó ń ṣe aṣọ fún èèyàn, ṣé ọ̀tá onítọ̀hún ni?"

Bímpé sunkún níbẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ìbínú tó gbé wọlé tú dànù pátápátá, ó sì dúpẹ́ tọkàntọkàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbínú lọ tán, ìfẹ́ ohun tó kà lọ́hùn-ún ṣì jókòó sáyà rẹ̀, kò mì. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún pásítọ̀, kò bo ohunkóhun.

"N kò fara mọ́ ọn o," ọmọkùnrin náà wí. "Màá máa gbàdúrà kí ẹ padà. Ṣùgbọ́n n kò ní so yín mọ́ àga. Ẹ má sì tìtorí ẹ̀sìn fi ọṣẹ dù mí."

Ẹnu ayé kò gbófo. Wọ́n ní Aáfà ni Bímpé fẹ́ fẹ́. Sàrátù fúnra rẹ̀ ló dá wọn lóhùn láàárín ọjà: "Bó bá fẹ́ ẹ, kó tètè wá máa fọ jálàbíà rẹ̀, kí èmi lè sinmi!" Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀.

Lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò ti kú. Nígbà tí Bímpé kúnlẹ̀ sọ fún un, Màmá Àkànkẹ́ wò ó lókè délẹ̀. "Ọjọ́ tí o bá ti ẹsẹ̀ bọ mọ́sálásí, má pè mí ní ìyá mọ́." Ó pa ẹnu dé, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n àdín ti wà nílẹ̀, ìkòkò ọṣẹ kò sì mọ̀ pé ìjà ń bẹ. Wọ́n ní láti jọ ṣiṣẹ́. Kí ni ìyá wá ṣe? Ó mú ṣíbí, ó ń fi lu igbá omi eérú. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan: mo fẹ́ dà á. Lẹ́ẹ̀mejì: mo ti dáwọ́ dúró. Lẹ́ẹ̀mẹta: yára rò ó, ọ̀lẹ! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣe ọṣẹ báyìí, ko, koko, kokoko, àwọn ará ilé sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bímpé kò rẹ́rìn-ín o. Lórí ilẹ̀ ayé, arúgbó yìí nìkan ló kù fún un. Ó ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀, síbẹ̀ kò lè gbé ẹsẹ̀, torí bó bá rí ọ̀nà Ọlọ́run tó sì sọ ìyá nù, ayọ̀ wo ló kù níbẹ̀?

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ìkòkò ń hó, Bímpé ń rò. Ó ń retí ko. Kò gbọ́ ko. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ìyá ti gbé igbá sílẹ̀.

"Kí ni ọkùnrin yẹn sọ?" Màmá Àkànkẹ́ bèèrè.

"Ọkùnrin wo, Màmá?"

"Lọ́jọ́ tí ọṣẹ já. Mo ti ń rò ó lọ́kàn láti ọjọ́ yìí. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ lọ, o ro ọṣẹ, kò já. Ọjọ́ kejì tí a sin bàbá rẹ, o ro ọṣẹ, kò já. Ọwọ́ rẹ kì í dúró, èmi ni mo kọ́ ọ. Kí ni ó sọ tó dá a dúró?"

Bímpé kò dẹ́kun rírò. Ojú rẹ̀ wà nínú ìkòkò bó ṣe ń sọ ọ́, láti orí ibùsùn ọjọ́ yẹn, orí ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ, orí gbogbo ọdún tó fi ń bi ara rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀, títí dé orí ọ̀rọ̀ tí Aáfà sọ. Kò gbóhùn sókè, kò sì fi bú ẹnikẹ́ni.

Màmá Àkànkẹ́ wá ibi jókòó. "Èmi ni mo sọ ọ́," ó ní. "Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé e fún ọ, n kò tilẹ̀ tú u wò. Ọdún mọ́kànlélógún, Bímpé! O gbé e, o sì ń rẹ́rìn-ín sí mi?" Arúgbó náà dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí.

"Hẹ̀ẹ́! Màmá, ẹ má ṣe é!" Bímpé ju ọmọrogùn nù, ó fò mọ́ ọn, ó gbé e ró. "Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí ji ara yín."

Wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń sunkún. Ìgbà tí wọ́n máa wẹ̀yìn, ọṣẹ ti já.

Ìyá wo ìkòkò, ọmọ wo ìkòkò, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, wọ́n rín in títí wọ́n fi di ìhà mú. "Jẹ́ kó já," ni Màmá Àkànkẹ́ wí. "A kì í da ọṣẹ tó já nù. Omi eérú tuntun là ń fún un." Ó nu ojú rẹ̀. "Wọ́n ní kí o wẹ̀ kí o tó wọ ẹ̀sìn wọn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Gbogbo ara."

"Ta ni yóò bá ọ wẹ ẹ̀yìn?"

Ìyá wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó mú jáde jẹ́ ìdì kékeré tí wọ́n fi ewé gbígbẹ dì, tó ti le bí òkúta. Ọṣẹ tó ṣe sílẹ̀ fún ìwẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni, lọ́dún yẹn lọ́hùn-ún. Kò tà á, kò fi tọrẹ, kò sì jẹ́ kí ojú Bímpé kàn án rí. Ó fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, ó hó yọọ. Ó wẹ ọmọ rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń kì í ní oríkì bí ẹni ń wẹ ìkókó, Bímpé sì dúró jẹ́ẹ́ nínú omi náà.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bímpé ṣe ìjẹ́rìí tó fi wọ ẹ̀sìn níwájú gbogbo ìjọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohùn rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́! Wọ́n gbọ́ ọ dé Kótóbàbí. Sàrátù ké Àllááhù Ákúbárù títí ohùn fi há a. Lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, lórí bẹ́ǹṣì, Màmá Àkànkẹ́ jókòó pẹ̀lú gèlè funfun ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, Bíbélì lábíyá. Ó ní òun kò wọlé, òun kò sì lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ó pe Aáfà.

"Aáfà, nínú ẹ̀sìn yín, ọmọ tó wọlé tí ìyá rẹ̀ kò wọlé, ṣé ìyá rẹ̀ ṣì ni?"

Aáfà Hàkímù bẹ̀rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀. "Màmá, ìyá rẹ̀ ni yín títí ayé. Dandan ni kó máa ṣìkẹ́ yín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí Bímpé. "O gbọ́? Lọ́jọ́ Àìkú, ìwọ lo máa sìn mí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dáná sábẹ́ ọṣẹ tó já. Màmá Àkànkẹ́ bu omi eérú tuntun, ó gbé ṣíbí sókè kó fi lu igbá bó ti mọ́ ọn lára, ó sì sọ ṣíbí náà sílẹ̀.

"Bímpé, mo fẹ́ dà á."

"Ẹ dà á, Màmá."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọṣẹ náà ti dì.